Sàlẹ́ńsà ìbọn: Kí ló ń ṣe gan-an, kí ló sì kan oníṣòwò Adjamé nínú rẹ̀?



Nínú fíìmù, apànìyàn á yí irin gbọọrọ kan mọ́ ẹnu ìbọn ìléwọ́, ìbọn á dún "fíì", ẹni tó wà ní yàrá kejì kò sì ní mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Irin náà wà lóòótọ́, àmọ́ kì í pa ìbọn lẹ́nu mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń tajà tàbí tó ń kó ẹrù mọ̀ ọ́n, torí pé ó jọ páìpù ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin àgbáyé kà á mọ́ ìbọn.

Ta ló ṣe é?

Hiram Percy Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sàlẹ́ńsà ìbọn lọ́dún 1909. Bàbá rẹ̀, Hiram Stevens Maxim, ló ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892. Ariwo ìbọn tó ń dán wò ló ba etí bàbá náà jẹ́. Ọmọ tún lo ọgbọ́n yìí láti dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti ọta jáde ló ń bú gbàmù lẹ́nu ìbọn. Inú sàlẹ́ńsà pín sí yàrá kéékèèké. Afẹ́fẹ́ náà á máa yí kiri nínú wọn, á tutù díẹ̀, á sì rọra jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lábẹ́ ọkọ̀.

Ìró ìbọn ìléwọ́ 9mm máa ń tó nǹkan bíi 160 dẹ́síbẹ̀lì. Sàlẹ́ńsà tó dáa lè yọ 20 sí 35 kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ṣì ju ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ fíìfíì. Bí ọta bá sì yára ju ìró lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún há nínú afẹ́fẹ́, sàlẹ́ńsà kò lè dá ìyẹn dúró. Ohun tó ń ṣe jù ni pé ó ń dáàbò bo etí ẹni tó ń yìnbọn, torí pé ariwo tó bá kọjá 140 lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yíyàn àti fífọ̀ rẹ̀

Àwọn ọdẹ ní Norway àti Finland ń lò ó lábẹ́ òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1934 ní kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹni tó ní àṣẹ máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ọta: bí ihò bá kéré ju ọta lọ, gbogbo rẹ̀ lè fọ́ mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́. Èkejì ni bó ṣe wúwo sí, torí pé irin tó wúwo jù kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ fúnra wọn gbé ọta mìíràn wọlé. Ẹ̀kẹta ni bóyá ó ṣeé tú. Ọta .22 máa ń fi ẹ̀gbin àti òjé sílẹ̀, nítorí náà èyí tó ṣeé tú ló dáa fún un.

Òjé yìí gan-an léwu. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí májèlé òjé ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú ìbọn, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó sì jìnnà sí ìdáná àti ọmọdé. Àwọn kan ń po fíníígà mọ́ hydrogen peroxide láti fi yọ òjé: àpòpọ̀ náà ń sọ òjé di májèlé tó tètè ń wọ ara.

Kí ló kan Adjamé?

Àdéhùn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìbọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2001, ka ohun tó ń dín ìró ìbọn kù mọ́ ẹ̀yà ara ìbọn. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n ṣe ní Àbújá lọ́dún 2006 sì ń ṣọ́ ìbọn àti ohun tó bá a lọ. Ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó lè ní ìbọn ìléwọ́ àyàfi tí Ààrẹ bá fún un láṣẹ.

Côte d'Ivoire kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìbọn. Rògbòdìyàn ìbò 2010 sí 2011 gba ẹ̀mí tó lé ní 3,000. Láti 2004 títí di 2016 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dènà kíkó ohun ìjà wọ orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn ará Èjìgbò àti Yorùbá mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀, ti pẹ́ nídìí òwò l'Abidjan. Adjamé jẹ́ ojúkò ọjà àti ọkọ̀ akérò. Níbi tí ẹrù ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó rọrùn kí ẹnìkan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú páìpù yìí dé Lomé tàbí Kútọnu." Bí ẹ kò bá tú u wò, ẹ má gbé e. Bí irin roboto tó ní ihò gba àárín bá wà láàárín ẹrù yín tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ má tà á, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí jandámù níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè, ẹni tó fi rán an lè ti lọ.