Ọ̀rọ̀ Owó-Orí Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Mọ́tò

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ni àjọ̀dún obìnrin lágbàáyé. Bí ọjọ́ náà bá kò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà láti Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ títí dé Àràdà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ a dá aṣọ, wọn a se ìrẹsì. Kò burú. Àmọ́ bí a bá bi aláṣọ ẹgbẹ́ léèrè ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe, ìdáhùn kan náà ni: òun lobìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò. Ó mà ṣe o! Bó bá jẹ́ ti mọ́tò ni, ẹgbẹ́ onímọ́tò ni ìbá máa ṣe àjọ̀dún ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Clara Zetkin, ọmọ Jámánì, ló dá àbá ọjọ́ náà ní 1910. Ìyókù ìtàn ilẹ̀ òkèèrè lè dúró ná.

Àwọn olùgbọ́ kan a máa ṣàròyé pé nǹkan òyìnbó ni ẹ̀tọ́ obìnrin. Ẹ gbọ́ ná: láàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ìyá Kéré ló ń tọ́jú ohun ọ̀ṣọ́ oyè Aláàfin. Bí inú bá bí i, ó lè dì wọ́n mú. Òyìnbó wo ló kọ́ ọ? Ohun tí òyìnbó gbé dé ni owó-orí.

Ní 1929, nígbà tí àwọn obìnrin Ábà àti agbègbè rẹ̀ gbọ́ pé owó-orí ń bọ̀ wá kàn wọ́n, wọ́n dìde. Ìbọn ìjọba sì pa obìnrin tó lé ní 50. L'Ékòó ní 1940, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ọjà Èrèkó, kó àwọn ọlọ́jà jáde. Ìjọba ti fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin tó ń rí ju £50 lọ́dún. Ìjọba sún iye náà sí £200.

Ti Ẹ̀gbá ló le jù. Láti 1918, ọkọ ń san tirẹ̀, aya ń san tirẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti wọ ìwé agbowó, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣeré kiri. Àwọn ìyá fẹ̀sùn kàn pé agbowó ń tú aṣọ lára ọmọ àwọn láti wò ó bóyá ó ti bàlágà.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni Ransome-Kuti kọ́kọ́ ń darí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ìrẹsì tí ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ransome-Kuti bọ́ gáùn, ó ró ìró, ó we gèlè. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò ṣòro: ẹni tó ń san owó-orí yẹ kó wà nínú ìgbìmọ̀.

Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní ìgbafẹ́ làwọn ń lọ. Ní ìparí 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 lọ gbafẹ́ níwájú ààfin, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá wo ni yóò mú ẹni tó ń gbafẹ́? Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, gba Òṣogbo lọ ní 1948, ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949, ó sì padà sórí oyè ní 1950. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀.

Ẹkùn Ọ̀yọ́ kò ní irú owó-orí obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ìyá àgbà ìhín kò ṣe ní ìtàn ìgbafẹ́. Àmọ́ nígbà tí owó-orí dìjà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní 1969, lásìkò Àgbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, ọba ìlú náà, bá a lọ.

Obìnrin gúúsù dìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1959. Ní 1960, Wúràọlá Esan ará Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ nílé aṣòfin àgbà. Obìnrin ilẹ̀ Àríwá dúró di 1979 kí wọ́n tó dìbò ìjọba àpapọ̀. Nínú aṣòfin àgbà 109 tí ìbò 2023 gbé wọlé, obìnrin kò pé márùn-ún. Ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣì wà nílẹ̀: ẹni tó ń sanwó yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń ná an.