Ìlànà Iṣẹ́ Nínú Òwò Kékeré: Àpẹẹrẹ Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo bá wá, kí ó má sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó ń sọ ọ́. Púpọ̀ nínú ìwé tí àwa olùkọ́ ń kọ, Ṣómólú ni a ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ó bá gba òpópó Shipeolu kọjá yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kí ó tó rí ilé tí ẹ̀rọ wà. Ẹ̀rọ Heidelberg tí wọ́n ṣe ní Jámánì wọ́pọ̀ níbẹ̀, Kord àti GTO, àlòkù sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ní ọ̀bẹ ìgébèébà, iṣẹ́ ti ẹlòmíràn kò ju kí ó di ìwé pọ̀ lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá. Ibi tí ọwọ́ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ yìí gan-an ni ìjà ti ń wọlé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ìwé ewì kékeré kan fún ọ̀gá atẹ̀wé kan níbẹ̀. Ọ̀mọ̀ṣẹ́ ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A sọ iye owó, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó parí. Nígbà tí ìwé dé, àmì ohùn ti fò lórí ojú ewé méjìlá: ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọdẹ ti di ọ̀kan náà! Mo ní mo ti fi ẹ̀dà tí mo ṣàtúnṣe ránṣẹ́. Ó ní òun kò rí i. Òtítọ́ ni àwa méjèèjì ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ ni ó gbà á, tí ó fi í pamọ́, tí ó sì gbàgbé. Rímù bébà mẹ́rin ṣòfò, èyíinì ni ẹgbàá ojú bébà. A pín àdánù náà, ṣùgbọ́n ó tó ọdún kan kí n tó tún tẹ ibẹ̀.

Kí ni ìbá gbà wá? Ojú ìwé kan péré: orúkọ iṣẹ́, iye ẹ̀dà, bí bébà ṣe nípọn tó, iye owó, iye àsansílẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò jáde. Kí oníbàárà sì fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe púléètì, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ọ̀gá.

Àwọn atẹ̀wé a máa ní òfin yóò lé oníbàárà lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ilé iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tí ó bá kó ogójì òfin jọ ti di àjàgà rù. Èyí tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo àwọn obìnrin tí ń tajà ní Bárígà. Wọn kì í dá àjọ láìsí káàdì. Alájọ á máa sàmì sí i lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jà lórí rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ṣáájú.

Ti gbèsè ń kọ́? Ní ọdún 2018, Èkó dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún gbèsè kéékèèké tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Olùpẹjọ́ ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ajigbèsè. Bí ó bá dé iwájú adájọ́, “a jọ sọ ọ́ lẹ́nu ni” kò lè lágbára tó ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí. Bí ọ̀gá bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, tí òun nìkan mọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó, kí ni aya àti ọmọ iṣẹ́ yóò dì mú?

Mo tún padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Ìṣó kan wà lára ògiri báyìí, àwọn ìwé iṣẹ́ ni ó fi kọ́ ọ. Ó fún mi ní ẹ̀dà àyẹ̀wò, ó fún mi ní gègé, ó sì dúró tì mí títí mo fi ka àmì ohùn tán, tí mo sì fọwọ́ sí i.