Kọ́kọ́rọ́ Nìkan Kò Sọ Olùkọ́ di Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ tí ilé-ìkàwé wà ní ìkáwọ́ wọn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan ọmọ olúkúlùkù, nítorí pé ó jẹ mọ́ bí a ti ń sọ olùkọ́ di olùtọ́jú ilé-ìkàwé, àti ìdí rẹ̀ tí ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kò fi gbọ́dọ̀ dẹ́kun láti máa kọ́ ọ.

Bí nǹkan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé púpọ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Àwọn òbí tàbí àwọn tí wọ́n ti jáde ní ilé-ìwé náà dá owó jọ, wọ́n ra ìwé, wọ́n sì kan pẹpẹ ìkówèésí. Ọ̀gá ilé-ìwé wo àárín àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó rí ẹnì kan tí ó fẹ́ràn ìwé, tàbí ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ní sáà náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. A ka ìwé fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá, a sì kìlọ̀ fún un pé iye tí ó gbà ni yóò jíhìn rẹ̀ nígbà tí ọdún bá parí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba olùkọ́ náà. Bí ìwé kan bá sọnù, ọrùn rẹ̀ ni. Bí ọmọ kan bá fa ojú ìwé ya, ọrùn rẹ̀ náà ni. Kí ni ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò ṣe? Yóò ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi owó rà fún àwọn ọmọdé ṣe ń di ohun tí eruku àti ikán ń pín láàárín ara wọn, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pé pérépéré.

Kò tọ́ láti dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni a gbé fún un, iṣẹ́ olùṣọ́ náà ni ó sì ń ṣe tọkàntọkàn. Ọ̀nà tí ó jìn ni ó wà láàárín olùṣọ́ ìwé àti olùtọ́jú ilé-ìkàwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni a sì fi ń rin ọ̀nà náà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1944 ni Omidan Ethel Fegan ti ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní Achimota ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1948, John Harris dé Ìbàdàn láti New Zealand láti ṣe olórí ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní Ìbàdàn kan náà ni àjọ UNESCO ti pe àpéjọ ní ọdún 1953 lórí bí ilé-ìkàwé yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà, láti inú rẹ̀ ni a sì ti dá Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1954.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà ju 800,000 lọ. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn rẹ̀ olùkọ́, lẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ǹṣì àti síléètì. Àwọn olùkọ́ púpọ̀ ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pàápàá kí wọ́n tó dúró níwájú kíláàsì. Ta ni yóò wá rí àyè láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ilé-ìkàwé? Nígbà tí ó fi di 1960 tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé ṣí ilẹ̀kùn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie ti New York, àwọn tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kò pọ̀ tó láti kárí. Yunifásítì gba tirẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gba tiwọn, ilé-ìkàwé ńlá ti gbogbo ènìyàn gba ìyókù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kan ilé-ìwé àwọn ọmọdé, èyí sì ni gbèsè tí a ṣì ń san títí di òní olónìí.

Ẹni tí ó rí gbèsè náà tí ó sì gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀ ni Felicia Adétówùn Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó ti kàwé ní Cambridge, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Simmons ní ìlú Boston ní 1962; òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní ọdún 1973. Ní ọdún náà gan-an ni ètò ilé-ìkàwé fún ilé-ìwé Abadina bẹ̀rẹ̀, ní inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ní àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ti yunifásítì ń gbé. Kì í ṣe ilé-ìkàwé àfihàn tí a ń fi í han àlejò lásán. Ọmọ alágbàṣe àti ọmọ awakọ̀ ń wọlé síbẹ̀ láti kàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé sì ń fi ojú ara wọn rí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ṣe bí a bá fi ìwé lé e lọ́wọ́: èyí tí ó ń ṣí, èyí tí ó ń sọ sílẹ̀, ìbéèrè tí ó ń béèrè. Níwájú àwọn ọmọ ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú gbọ̀ngàn, tí ọmọ kankan kò yọjú sí, dà bí ẹni pé a fi ẹnu lásán kọ́ ènìyàn ní òwẹ̀ odò.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ni ó yẹ kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìtọ́jú ìwé kúrò lọ́wọ́ ọ̀rinrin, kòkòrò àti eruku ọyẹ́ kò gba àsọtúnsọ: kí pẹpẹ má fara kan ògiri, kí atẹ́gùn máa wọlé, kí a sì máa yẹ ẹ̀yìn ìwé wò. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni pípín ìwé sí ọ̀wọ́ àti kíkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè tún rí i.

Ètò tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1876 ni ilé-ìkàwé púpọ̀ ń lò, tí a pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá láti 000 dé 900. Nínú ètò náà, ìwé lórí èdè Yorùbá wà ní 496.333, ìtàn àròsọ, ewì àti eré onítàn ní èdè Yorùbá wà ní 896.333. Níbẹ̀ ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n àlọ́ àpagbè ń lọ sí 398.2, àlọ́ àpamọ̀ sí 398.6, òwe sì ń lọ sí 398.9. Olùkọ́ tí a kò kọ́ yóò kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, yóò kọ “Yorùbá” sí i lára, ọmọ tí ó ń wá òwe yóò sì yẹ gbogbo pẹpẹ wò kí ó tó rí ẹyọ kan.

Ìṣòro mìíràn wà tí Dewey kò lè ràn wá lọ́wọ́ lórí rẹ̀, nítorí pé ti èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25. Nínú rẹ̀, Ẹ ń tẹ̀lé E, Ọ ń tẹ̀lé O, Ṣ ń tẹ̀lé S, Gb sì ń bọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo G bá ti tán. Ọmọ tí a ti kọ́ báyìí láti kíláàsì kìn-ín-ní yóò wá ìwé tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb lẹ́yìn G, ṣùgbọ́n bí a bá to káàdì gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì, Gb ti kọjá lọ kí a tó dé Ge, ọmọ náà yóò sì rò pé ìwé náà kò sí. Ti àmì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì tí kò ní àmì sọ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí ènìyàn ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé di “oko” kan ṣoṣo, oko tí àgbẹ̀ ń lọ sì tún wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan rò pé kọ̀ǹpútà ti mú ìyọnu yìí kúrò. Òtítọ́ ni pé ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ilé-ìkàwé lè lò láìsan owó àṣẹ, tí a ń pè ní Koha. Ní New Zealand, ilẹ̀ tí John Harris ti wá, ni a ti ṣe é, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2000. “Ẹ̀bùn” ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè àwọn Maori. Bí kò tilẹ̀ gba owó àṣẹ, ó gba iná mànàmáná, ó gba ẹ̀rọ, ó sì gba ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́tà bí ọ́, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní nísàlẹ̀, lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ojú ènìyàn kì í rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè rí i, kí ó sì sọ fún ọmọ tí ń wá ìwé pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Nítorí náà, ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan ní láti yan ìlànà kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá gba ipò lọ́la sì tẹ̀lé e. Kò sí olùkọ́ kan tí yóò fi orí ara rẹ̀ mọ èyí. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Ohun tí ó ṣòro jù fún ẹni tí a fi ẹ̀rù kọ́ ni yíyọ ìwé kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé máàpù kan tí a tẹ̀ nígbà tí ìpínlẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ 19, láti 1976. Nínú rẹ̀, Òṣogbo wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Adó-Èkìtì sì wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ti Èkìtì sì tẹ̀lé e ní 1996, tí ìpínlẹ̀ fi di 36. Ọmọ Adó-Èkìtì tí ó ṣí ìwé náà lónìí yóò kọ́ irọ́ nípa ìlú bàbá rẹ̀, inú ilé-ìkàwé ilé-ìwé rẹ̀ ni yóò sì ti kọ́ ọ. Olùṣọ́ ìwé kò jẹ́ yọ ọ́, nítorí pé iye ìwé yóò dín. Olùtọ́jú tí ó gba ẹ̀kọ́ yóò yọ ọ́, yóò kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó yọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, yóò sì gbé e fún olùkọ́ ìtàn, ẹni tí irú máàpù bẹ́ẹ̀ ṣe iyebíye fún.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òfin náà di mímọ̀. Òfin 31 ti ọdún 1993 dá Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ sílẹ̀. Òfin 12 ti 1995 dá ti Àwọn Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé sílẹ̀. Olùkọ́ tí a fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè wọ ti èkejì láìgba oyè nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé. Ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu; èyí tí a ṣe fún àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé tí ó gba oyè kì í sábà pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wà láàárín méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkéde tí UNESCO àti IFLA fọwọ́ sí ní 1999 sọ gbangba pé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí ó máa darí ilé-ìkàwé ilé-ìwé, kí òun àti àwọn olùkọ́ yòókù sì jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ilé-ìwé bí mẹ́fà tí ó wà nítòsí ara wọn kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè pe olùtọ́jú kan tí ó gba oyè láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì tí ó bá wà nítòsí, kí ó máa wá ní ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gbà á lálejò ní ilé-ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé inú yàrá tí ìṣòro wà ni a ti ń tú u.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin ni èyí tí ó kù kàn. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ kíláàsì láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di agogo méjì ọ̀sán kò lè ṣí ilé-ìkàwé, ì báà jẹ́ pé ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé òkè òkun. Ẹ dín iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ kù, kí ẹ sì kọ wákàtí ilé-ìkàwé sínú tábìlì àkókò bí ẹ ti ń kọ ti ìṣirò. Nígbà tí ọdún bá parí, kí ìbéèrè yín má jẹ́ “Ìwé mélòó ni ó sọnù?” nìkan. Ẹ béèrè iye tí àwọn ọmọ yá. Ilé-ìkàwé tí ìwé mẹ́wàá sọnù níbẹ̀, tí a sì yá ìwé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan, sàn ju èyí tí ohunkóhun kò sọnù níbẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò wọlé. Bí ilé-ìwé kò bá tilẹ̀ ní yàrá, àpótí kan tí ó gba ogójì ìwé tó láti bẹ̀rẹ̀, kí a máa gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì, kí àwọn ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ sì máa kọ orúkọ àwọn tí ó yá.

Olùkọ́ tí ó bá ń bọ̀ wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó yá ìwé ní ilé-ìwé rẹ̀ dání, bí ó ti wù kí ó rí, àti ìwé méjì láti orí pẹpẹ rẹ̀: ọ̀kan tí àwọn ọmọ ti kà tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo rẹ̀ fi bọ́, àti ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò yá rí. Lórí ìwé méjèèjì wọ̀nyí ni iṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní yóò dá lé.