Ilé Jó, Orúkọ Kò Jó

 

Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ogun ti tú ìlú wọn ká wá sábẹ́ àpáta Olúmọ. Bí ẹ bá wọ inú àpáta náà lónìí, ẹ ó rí kòtò kéékèèké nílẹ̀ tí àwọn ìyá fi ṣe odó àti ọlọ. Ogun ń lé wọn, síbẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀dó, ará Aké fi orúkọ ìlú wọn àtijọ́ pe àdúgbò wọn tuntun ní Aké; ará Ìjẹmọ̀ àti Ìtókò ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ilé jó, orúkọ kò jó. Wọ́n tún gba àwọn ará Òwu mọ́ra, wọ́n gba àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tẹ́lẹ̀ tó padà wálé. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní 1851, wọ́n jùmọ̀ lé e padà.

Bóyá ẹ̀yin náà ti pàdánù nǹkan bíi tiwọn: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú onílùú. Kí ẹ tó ka ohun tó sọnù, ẹ ka ohun tó kù: àdúrà tí ìyá yín kọ́ yín, oríkì yín, iṣẹ́ tí ọwọ́ yín mọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Òní á sàn wá o.