Ẹ Má Ṣahun Sí Bíréèkì Ọkọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ lọ́jọ́ àjọ̀dún)

Ọdọọdún là ń sọ̀rọ̀ lórí owó yíyá àti èrè. Lónìí, ọkọ̀ tó ń gbé àwa àti ẹrù wa la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, pàápàá bíréèkì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní ọkọ̀ nílé. Ọkọ tàbí ọmọ ló ń wà á, òun náà ló sì ń tún un ṣe nínú àgbàlá kí owó mọkáníìkì lè dín kù. A ò bá wọn jà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè pààrọ̀ dísìkì bíréèkì nílé. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló yẹ kó dín kù, kì í ṣe ohun tó ń dá ẹ̀mí sí.

Dísìkì ni àwo irin tó ń bá táyà yí. Tí a bá tẹ bíréèkì, páàdì méjì á fún un mọ́ àárín, eré ọkọ̀ á sì di ooru. Tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ooru náà á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n tí eré bá kúrò ní 50 lọ sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin! Ẹ wá wo ọkọ̀ tó kó iṣu àti tòmátì kún, tó ń sáré láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró lọ sí Oǹdó kó lè bá ọjà òwúrọ̀. Dísìkì tó ti jẹ tán ò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ fetí sílẹ̀. Tó bá ń han bí ẹ bá tẹ bíréèkì, páàdì ti fẹ́ẹ́ tán. Tó bá ń họ bí irin tó ń lọ irin, ẹ má gbé e jáde mọ́. Tí ẹsẹ̀ bíréèkì tàbí ìdarí bá ń gbọ̀n, dísìkì lè má dọ́gba mọ́. Tó bá la, tàbí tó ga létí bí ẹnu àwo, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fi tínrín jù sára dísìkì fúnra rẹ̀. Tó bá ti tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà rẹ̀ ti tán. Kí ẹnikẹ́ni má ra páàdì tuntun sórí dísìkì tó ti bàjẹ́ o. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ó wá kan iṣẹ́ náà. Orí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni ká ti ṣe é. Ká fi òkúta tàbí igi dí àwọn táyà yòókù, ká dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídúró sí abẹ́ rẹ̀. Sítáǹdì irin ló ń gba ọkọ̀ dúró. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, ó lè fọ́ lójijì.

Tí wọ́n bá tú kàlípà, kí wọ́n fi wáyà so ó rọ̀, kó má fi rọ́bà ọ́ìlì rọ̀ dirodiro. Kí wọ́n má fi ẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀, nítorí pé asbestos wà nínú páàdì mìíràn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n ha ìpẹtà ibi tí dísìkì máa jókòó sí, kí wọ́n sì nu òróró ara dísìkì tuntun kúrò pátápátá. Ọ̀tún àti òsì la jọ ń pààrọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun. Tí a bá pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ lè máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ibí yìí ni ká ti ṣọ́ra jù: kí ọkọ̀ tó sún rárá, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lẹ́sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ kan ilẹ̀ láìmú nǹkan kan. Ẹ wo ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ dán an wò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú àgbàlá, kí ẹ sì má gbé ẹrù ńlá ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Tí ọ́ìlì bá ń jò, tàbí tí kàlípà bá há, iṣẹ́ ti kúrò ní tilé, ẹ pe mọkáníìkì.

Láti ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń kìlọ̀ eré àsápajúdé fún wa. Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú àgbàlá wa.

Nítorí náà, ohun kan là ń bẹ ẹgbẹ́ fún lọ́dún yìí. Sítáǹdì irin méjì, jáàkì tó dára àti sípánà tó ń wọn agbára: kì í ṣe ojoojúmọ́ là ń lò wọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹni kọ̀ọ̀kan kì í fi í rà á, tí àwọn ọmọ wa sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì lásán. Kí ẹgbẹ́ rà wọ́n, kan ní Àkúrẹ́, kan ní Oǹdó, ká máa yá wọn bí a ṣe ń yá àga àti agbada ìnáwó. Ṣebí ohun tí ẹnì kan ò lè dá rà la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹrù tó bàjẹ́, a ó rí òmíràn rà. Ẹni tó lọ ò ní àtúnrà. Ká lọ ire, ká bọ̀ ire o. Àṣẹ.