ÈRÈ ÀTI EWU GBÍGBÉ NÍ ÌDÁLẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni èrè àti ewu tí ó wà nínú kí ènìyàn fi ìlú baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa gbé ilẹ̀ ẹlòmíràn. A kò ní lọ sí London tàbí Amẹ́ríkà láti wá àpẹẹrẹ. Gánà àti ilẹ̀ Ivory Coast, níbi tí oòrùn ti ń ràn bí ó ti ń ràn níhìn-ín, tí wọ́n sì ń jẹ iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá bí tiwa, tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni irú ìrìn àjò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba ní Gold Coast, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Kísí àti Ṣakí ti ń ṣòwò níbẹ̀. Àwọn ará Èjìgbò sì pọ̀ sí Abidjan. Kí ọkọ̀ tó pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí.

Èrè kìíní ni owó àti iṣẹ́. Ọmọdé a lọ sin ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò baba rẹ̀. A máa ru ọjà wọ̀sìwọ̀sì láti ìlú dé abúlé. Bí ó bá sìn ín tán, ọ̀gá rẹ̀ a fún un ní owó láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé onípáànù tí ó wà nílùú wa ni a fi owó irú òwò bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èrè kejì ni ọgbọ́n. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí ó gbọ́ Twi, Haúsá tàbí Faransé kún Yorùbá ti di ọmọ ilé púpọ̀. Ìdálẹ̀ pàápàá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wa: títí di òní, Alata samina ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ dúdú, nítorí pé Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn oníṣòwò tí ó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí apá kejì. Kì í ṣe oòrùn tàbí ibà ni ewu tí ó tóbi jù níbẹ̀, nítorí ẹ̀fọn ilé kò ṣàánú wa ju ti ìdálẹ̀ lọ. Ewu ńlá ni pé kí àlejò gbàgbé pé àlejò ni òun.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n fún àwọn onílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń sọ pé àlejò ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí sí ibẹ̀ di ẹni à ń lé. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀. Gbèsè tí wọ́n fi síta kò ṣeé gbà mọ́. Àwọn mìíràn padà sílé pẹ̀lú kìkì ẹrù orí. Òfin tí ó ní kí àlejò gba ìwé ti wà kí ọdún náà tó dé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò gbà á, nítorí wọn kò ka ara wọn sí àlejò mọ́.

Kí a má sì bu ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a sọ ní "Ghana Must Go" títí di òní. Ohun tí ó ṣe wọ́n ló ti ṣe wá rí, ó sì lè tún ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ewu kejì ni ti àwọn ọmọ, àwa olùkọ́ sì ń fi ojú rí i lójoojúmọ́. Ọmọ tí a fi sílẹ̀ fún ìyá àgbà mọ orúkọ baba rẹ̀, kò mọ ojú rẹ̀. Ọmọ tí a sì mú ti Abidjan bọ̀ gbọ́ Faransé dáradára, ṣùgbọ́n a ní láti fi í sí kíláàsì àwọn àbúrò rẹ̀, ojú a sì máa tì í. Kò sí èyí tí ó ya òmùgọ̀ nínú wọn. Àlàfo ni ó wà láàrin wọn àti ilé.

Ǹjẹ́ kí a má lọ mọ́? Rárá o. Àmọ̀ràn mẹ́ta ni a mú wá. Èkínní, kí olúkúlùkù gba ìwé rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fi àyè 90 ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́, láìgba físà. Ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílùú. Kí a sì mọ òfin òwò wọn pẹ̀lú: òfin tí Gánà ṣe ní ọdún 2013 ya òwò kéékèèké inú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ wọn. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn lè mú un kúrò. Ẹ̀kẹta, kí a máa fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, kí wọ́n sì máa bá wa wálé ní àsìkò ọdún.

Nítorí náà, a bẹ ìpàdé yìí pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan ní ìdálẹ̀ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tí ó wà lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ran ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kí a tó tún pàdé ní ọdún tí ń bọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé ju kí a lé e wá lọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ará ilé, kí ó ṣọ́ ará ìdálẹ̀.