Ibòòji Lábẹ́ Aṣọ

Àtíbàbà kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí kánfáàsì àti tapólì tó dé ni àwọn àgbà ti ń ri igi mọ́lẹ̀ nígbà ìnáwó, tí wọ́n ń tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí kí oòrùn má baà pa àlejò. Ẹni tí ó bá jókòó lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ yóò ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín ewé kọjá. Aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni aṣọ ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, afẹ́fẹ́ náà yóò sì fẹ́ gbé e lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó sọ àtíbàbà aṣọ di iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òpó ni ó gbé àtíbàbà dúró. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni èyí. Fífà ni ó mú un dúró ní tòótọ́: kí aṣọ le bí awọ ìlù, kí òpó máa tì í sókè, kí okùn máa fà á sílẹ̀, kí èèkàn sì di ilẹ̀ mú. Aṣọ tí ó bá dẹ̀ yóò máa jó nínú afẹ́fẹ́, ojú rírán rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí tú. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò dúró sí ibi tí ó bá tẹ̀ kòtò. Omi tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, tí ó gba àyè mítà 1 níbùú àti lóòró, wúwo tó kílò 100. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì nìyẹn. Ìdí nìyí tí aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi í gé aṣọ àtíbàbà ní pẹrẹsẹ bí ẹní. Ègé tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀, tí ó tín-ín-rín lókè, ni ó ń rán pọ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ.

Ojú títì ọlọ́dà ni ìṣòro ti pọ̀ jù, nítorí èèkàn kì í wọ ọ̀dà. Àwọn alátíbàbà a wá so okùn mọ́ búlọ́ọ̀kù, tàbí mọ́ ọkọ̀ ẹni kan tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọlọ́kọ̀ náà a sì fẹ́ máa lọ sílé kí àríyá tó parí.

Ibi tí ọgbọ́n fífà yìí ti dé góńgó ni ìlú Jẹ́dà ní Sáúdí Arébíà, ní ibùdókọ̀ òfurufú àwọn oníhájì tí a ṣí ní ọdún 1981. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti lọ sí Mẹ́kà láti ìgbà náà ni ó ti jókòó lábẹ́ rẹ̀. Fazlur Khan, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ bíbí Dhaka tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó gbèrò rẹ̀. Àgọ́ 210 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 45 níbùú àti lóòró. Kò sí òpó kankan láàárín àgọ́. Igun ni àwọn òpó irin wà, wọ́n ga ní mítà 45, okùn irin tí ó ti orí wọn wá ni ó sì gbé òrùka irin tí ó wà ní ṣóńṣó aṣọ ró. Òrùka náà ṣí sílẹ̀, kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde. Aṣọ funfun ń dá púpọ̀ nínú ooru oòrùn padà, kò sì sí ògiri.

Ọ̀nà tí a gbà gbé e sókè ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Àgọ́ 21 ni ó wà nínú ìsọ̀rí kan, ẹ̀rọ ni ó sì fa gbogbo wọn sókè pọ̀. Àgọ́ kan ń fa òpó sí ọ̀tún, èkejì ń fà á sí òsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì ṣì dẹ̀, òpó yóò tẹ̀. Ní etí ìsọ̀rí, níbi tí kò sí àgọ́ kejì tí yóò fà á padà, méjì méjì ni òpó. Ní igun, mẹ́rin ni.

Aṣọ náà kì í ṣe òwú. Fọ́nrán gíláàsì ni, tí a fi Teflon bò, irú èyí tí ó wà nínú páànù ìdíngbẹ tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Iná kì í ràn án. Ṣùgbọ́n ní Mínà, lẹ́bàá Mẹ́kà, inú àgọ́ òwú ni àwọn oníhájì ṣì ń sùn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1997, iná ìdáná gáàsì ran àgọ́ kan, afẹ́fẹ́ sì gbé e káàkiri. Nǹkan bí 70,000 àgọ́ ni ó jóná. Ènìyàn 343 ni ìjọba kéde pé ó kú. Àwọn tí ó fara pa ju 1,000 lọ. Lẹ́yìn èyí ni a fi aṣọ fọ́nrán gíláàsì àti Teflon pààrọ̀ àgọ́ Mínà, tí a sì fòfin de gáàsì ìdáná níbẹ̀. Jẹ́dà sí Mínà kò tó kìlómítà 100, síbẹ̀ ó gba aṣọ náà ju ọdún 15 lọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ike ni a fi bo ọ̀pọ̀ aṣọ àtíbàbà àríyá. Bí iná bá kàn án, yíyọ́ ni yóò máa yọ́, tí yóò sì máa kán sórí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ṣú, abẹ́ àtíbàbà àlejò ni àwọn alásè ń ti ìkòkò àti sílíńdà gáàsì wọn wọ̀. Àwọn alátíbàbà mọ̀ pé ó léwu, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ọmọ iṣẹ́ láti lé ìyá ìyàwó kúrò nídìí ọbẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí a bá onínàáwó sọ̀rọ̀ àtíbàbà kékeré ti alásè ní ọjọ́ tí ó bá wá san àsansílẹ̀, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, jìnnà sí ti àlejò, kí ìkòkò kankan tó dé.